Òfin Keje Ìwé Ìròyìn Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ní ọdún 1958, ìwé ìròyìn kan wà ní Àgége tó ń jẹ́ Àfẹ̀mọ́júmọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde, ojú ewé mẹ́jọ, Yorùbá pọ́ńbélé. Iyàrá mẹ́ta péré ni ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì sún mọ́ ojú irin tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí reluwé bá ń kọjá, gbogbo lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé á máa ró wọnjan-wọnjan nínú àpótí wọn. Olúwayẹ́misí Ọlọ́runníyì ló ń yẹ ọ̀rọ̀ wò níbẹ̀. Ohun yòówù tí akọ̀ròyìn bá kọ, àfi kó kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ pẹ́ńsù pupa rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún márùn-ún ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ilé ìwé ìjọ Aládùúrà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe àlùfáà fún, kó tó wá sí Àgége. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ bá a jiyàn á kọ́kọ́ mu omi. Bí wọ́n bá sì jiyàn tán, á ṣí Ìwé Òfin, á fi ìka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹjọ́ parí.

Ìwé Òfin yìí, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ni. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró tó dá Àfẹ̀mọ́júmọ́ sílẹ̀, tó sì jẹ́ olótùú rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 1936. Òfin mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń kọ orúkọ ìlú, ìgbà tí a lè ya ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ Òyìnbó àti ìgbà tí a kò gbọdọ̀ yá a, bí a ṣe ń kéde òkú. Òfin keje kà báyìí: "Ọba, ìjòyè, àlùfáà, lèmọ́mù, dókítà, lọ́yà àti ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí a kọ 'wọ́n'. Ẹni yòówù tó kù, kí a kọ 'ó'."

Ní oṣù Jùláì ọdún náà, iná fẹ́ jó ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánganran. Koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń di àwo sínú àpótí ló gbiná. Jimoh, àgbàlagbà tí ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà, ń ṣe àlùwàlá ìrun ìdájí lọ́wọ́ nígbà tí òórùn èéfín gbá a nímú. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó já ilẹ̀kùn, ó wọ́ àwọn àpótí tí iná kò tíì mú síta, ó sì ń bu iyẹ̀pẹ̀ da sórí iná títí iná náà fi kú. Àwọn òṣìṣẹ́ dé ní aago méje, wọ́n bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, irun apá rẹ̀ ti jó tán. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, mánéjà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Òyìnbó dé, wakọ̀ wá láti GRA, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà lójú gbogbo èèyàn.

Shuaib, akọ̀ròyìn Àfẹ̀mọ́júmọ́, kọ ìròyìn náà dáadáa. Ó kọ "wọ́n" fún Jimoh láti òkè délẹ̀. Olúwayẹ́misí mú pẹ́ńsù pupa, ó ka "wọ́n" mẹ́sàn-án, ó sì sọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di "ó". Ó fi ti mánéjà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Suara tí ń to lẹ́tà gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ọmọ àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti ń bá Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ṣiṣẹ́ kí Olúwayẹ́misí tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

"Tíṣà," ó ní, nítorí bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "bàbá yìí mà dàgbà o. Wọ́n ju èmi gan-an lọ."

"Òfin keje ni, Bọ̀dá Suara."

"Mo mọ òfin keje. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́."

"Ó dáa. Ẹ bá mi tò ó bẹ́ẹ̀."

Suara tò ó bẹ́ẹ̀, ìwé jáde ní ọjọ́ Ẹtì.

Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin kan wọlé sí ọ́fíìsì. Ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, ó so okùn ìwọn-aṣọ mọ́ ọrùn bí ẹni tó dìde nídìí iṣẹ́ ìránṣọ láìrò tẹ́lẹ̀. Ó di Àfẹ̀mọ́júmọ́ tọ̀sẹ̀ náà mọ́wọ́. Kò jókòó nígbà tí wọ́n fún un ní àga.

"Fàúsát lorúkọ mi," ó ní. "Bàbá mi ni Jimoh tí ẹ kọ sínú ìwé yìí. Mo fẹ́ rí ẹni tó kọ ọ́."

Olúwayẹ́misí ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Fàúsát ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, àwọn ará àgbàlá wọn ní Ọ̀kọ̀-Ọba pé jọ, ó tó ogún èèyàn, wọ́n ní kí ó ka ìròyìn bàbá rẹ̀ fún àwọn. Bàbá kò mọ ìwé Yorùbá kà, Kùránì nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n gbé àga fún un sáàárín. Fàúsát bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlà kejì ló ti rí "ó".

"Ẹnu mi kò gbà á," ó ní. "Bàbá mi jókòó síwájú mi, kí n wá máa wí pé 'ó sáré, ó pariwo, ó jókòó sílẹ̀', bí ìgbà tí mò ń ròyìn ọmọ kékeré? Mo bá ń yí i padà bí mo ṣe ń kà á. Mò ń sọ pé 'wọ́n sáré, wọ́n pariwo'. Nùréènì, ọkùnrin kan tí a jọ ń gbé ilé, ó wà lẹ́yìn mi tó ń yọjú wo ìwé. Ló bá ní kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti ní mánéjà 'wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀', ẹnì kan rẹ́rìn-ín."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n mú búta àlùwàlá wọn, wọ́n wọlé lọ."

Reluwé kan ń kọjá lọ sí Ìddó. Ojú Olúwayẹ́misí wà lára ìwé tí obìnrin náà dì mọ́wọ́. Ó lè ti ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ Shuaib, Shuaib kò sí ní ọ́fíìsì. Kò tì í síbẹ̀.

"Shuaib kọ 'wọ́n'," ó ní. "Èmi ni mo yí i padà. Òfin wa ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n rí òfin náà."

Kò sí ará ìta tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Olúwayẹ́misí ṣí ìwé náà sí òfin keje, ó yí i sí Fàúsát. Fàúsát kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wà níbí," ó ní. "Ẹni tó gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ iná kò sí níbí." Ó gbé ìwé ìròyìn tó mú wá kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Olúwayẹ́misí débi tí kò lè jẹun ọ̀sán. Kì í ṣe pé wọ́n bú u ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n fi òfin tó gbára lé hàn án, ó sì rí ihò nínú rẹ̀ tí kò rí fún ọdún mẹ́ta. Ó dìde, ó mú Ìwé Òfin, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́rin ni olótùú náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo kẹ́dùn fún bàbá náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ìdí tí mo fi kọ òfin yẹn? Ní ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù akọ̀ròyìn ló ń fún ẹni tó wù ú ní 'wọ́n'. Ẹni tó fún wọn ní obì, 'wọ́n'. Ẹni tí kò fún wọn, 'ó'. Mo ní kí n là á, kó yé gbogbo èèyàn."

"Ó yé gbogbo èèyàn, ọ̀gá. Wọ́n rí ẹni tí a kà sí èèyàn àti ẹni tí a kò kà sí."

Olótùú náà yọ awò ojú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ Olúwayẹ́misí rò pé òun ti kọjá àyè òun, ṣùgbọ́n kò fà sẹ́yìn, kò sì wo ilẹ̀.

"Ó dáa," Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró wí níkẹyìn. "Lọ kọ èyí tó sàn jù ú lọ. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ ẹ. Má mú àánú wá fún mi o, Yẹ́misí. Òfin ni kó o mú wá, èyí tí yóò ṣiṣẹ́ fún ọba, tí yóò ṣiṣẹ́ fún olè."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó pẹ̀lú Suara nídìí àpótí lẹ́tà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọjọ́ orí: ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, kí a kọ "wọ́n". Suara ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí ojú ewé kẹfà, níbi tí wọ́n ti kọ nípa arúgbó kan tí wọ́n mú ní ọjà pẹ̀lú adìyẹ mẹ́fà tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Kà á fún mi pẹ̀lú òfin rẹ tuntun."

Olúwayẹ́misí kà á. "'Wọ́n jí adìyẹ mẹ́fà gbé, adájọ́ sì rán wọn lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta.'"

"Ó ti di ẹgbẹ́ olè nìyẹn," Suara wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Yàtọ̀ síyẹn, ta ló máa lọ bi ìyá kan léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ ní tésàn reluwé Àgége?"

Olúwayẹ́misí fa igi sí òfin náà. Ó ní ó dáa, kí àgbàlagbà gbogbo jẹ́ "wọ́n" nígbà náà, ọlọ́jọ́ orí kékeré, ọlọ́jọ́ orí ńlá, olówó, tálákà. Ó kọ ìròyìn iná náà lọ́tun, ó dá "wọ́n" mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà fún Jimoh. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ń dún bí ìkíni. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ọkùnrin kan wọlé láti ìta, ẹni tó mú ìkéde ìgbéyàwó wá, tí kò tíì gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ iná rárá, ó sì kà á fún un láti àárín: "Wọ́n já ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ́ àwọn àpótí síta. Wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ da sórí iná náà títí tó fi kú."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó bi í, "èèyàn mélòó ló pa iná yìí?"

Ọkùnrin náà ronú. "Wọ́n á tó márùn-ún, mẹ́fà."

Olúwayẹ́misí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ìwé náà títí. Jimoh nìkan ló pa iná. Bí òun bá bu ọlá fún un báyìí, òun ti pín iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún èèyàn márùn-ún tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀kọ̀-Ọba. Ó bá Fàúsát nídìí máṣíìnì ìránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi òróró pa apá tó jó náà. Olúwayẹ́misí kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Èmi ni mo kọ 'ó' fún yín nínú ìwé ìròyìn. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ọmọ mi," Jimoh wí. Ohùn rẹ̀ lágbára ju ara rẹ̀ lọ. "Ìwọ ni tíṣà tí Fàúsát bá jà?"

"Èmi ni, sà. A kò jà. Wọ́n kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ka èèyàn márùn-ún. Jimoh gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ìyẹn.

"Márùn-ún kẹ̀?" ó ní. "Èmi nìkan ni! Ta ló fẹ́ bá mi pín in?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe rò ó, Bàbá. Mo wá bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ ká ṣe."

Jimoh ń fi òróró ra ìgbúnwọ́. "Ṣé ìwé ní orúnkún ni?" ó bèèrè. "Kò ní. Kò lè kúnlẹ̀ kí èèyàn. Ọmọ èèyàn ló ń kúnlẹ̀, bó o ṣe kúnlẹ̀ yẹn. Mi ò bínú pé ìwé pè mí ní 'ó'. Ohun tó mú mi wọlé lọ́jọ́ náà ni Adégbénró. Ọmọ dáadáa ni, mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kẹta jù ú lọ. Bí ìwé bá fẹ́ jókòó sílẹ̀ wò wá, kó jókòó wo àwa méjèèjì. Bó bá fẹ́ dìde fún un, kó dìde fún èmi náà."

"Bàbá!" Fàúsát dá máṣíìnì dúró. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní 'ó' títí ayé ni?"

"Nínú ìwé. Ìwọ tó o bá ń kà á fún mi, ṣé ẹnu ìwé lo fẹ́ fi kà á ni, àbí ẹnu ara rẹ? Máa wí 'wọ́n' tìrẹ. Nùréènì ni kò ní ẹ̀kọ́."

Fàúsát tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwayẹ́misí fẹ́ máa lọ, ó sìn ín dé ojú ọ̀nà. "Kí ẹ má kọ Jimoh lásán," ó ní. "Orúkọ ní aṣọ tirẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn."

Ní ọjọ́rú, Olúwayẹ́misí gbé ìwé kan kalẹ̀ níwájú olótùú. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró kà á sókè: "'Ẹni kan ṣoṣo, kí a kọ 'ó'. Ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a kọ 'wọ́n'. A kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ dárúkọ àgbàlagbà kankan lásán: Ọ̀gbẹ́ni, Ìyáàfin, Alàgbà tàbí oyè rẹ̀ ni kó ṣáájú, ì báà jẹ́ mánéjà, ì báà jẹ́ agbálẹ̀.'" Ó wo òkè. "Ọba ńkọ́?"

"A ó máa pe ọba ní Kábíyèsí ní gbogbo ibi tí a bá ti fẹ́ tọ́ka sí i. A kò ní nílò 'ó', a kò ní nílò 'wọ́n'."

"Ó gbọ́n," ó wí pẹ̀lẹ́. "Olè adìyẹ ńkọ́?"

"Ọ̀gbẹ́ni ni títí adájọ́ á fi dá a lẹ́bi."

"Èmi olótùú ńkọ́?"

"'Ó' ni ẹ̀yin náà, ọ̀gá."

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró bú sẹ́rìn-ín, Suara tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà sì bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà ṣí Ìwé Òfin, ó wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fa igi kọjá lórí rẹ̀. "A ó tún ìròyìn náà tẹ̀," ó ní, "a ó sì sọ pé a ṣàṣìṣe. Orúkọ ta ni kó wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Tèmi," Olúwayẹ́misí wí.

Ìwé jáde. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan dúró síwájú ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró sì jáde nínú rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn. Olúwayẹ́misí fún un ní àga. Ó jókòó.

"Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn," ó ní, "ìwé yín kọ 'wọ́n' fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 'ó'. Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan, sà. Òfin wa ló yí padà. Gbogbo èèyàn ló kàn."

"Nínú ìwé ìròyìn Òyìnbó, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá nìyí. Ọ̀wọ̀ wà nínú Yorùbá."

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Láàárọ̀, tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ta ló ń kọ́kọ́ kí ẹnì kejì, ẹ̀yin tàbí Alàgbà Jimoh?"

"Èmi ni, dájúdájú. Èmi ni mo máa ń kí wọn. Wọ́n ju bàbá mi lọ."

Olúwayẹ́misí kàn ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mo sọ 'wọ́n'," ó wí.

"Ẹ sọ ọ́, sà. Ẹ kò sì ronú kí ẹ tó sọ ọ́. Ìwé wa ni kò mọ̀ ọ́n sọ nígbà náà. Ó sọ ọ́ fún yín, kò sọ ọ́ fún wọn."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró kò gbà fún un, kò sì bá a jiyàn mọ́. Ó dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkéde ilé iṣẹ́ náà dé lọ́sẹ̀ yẹn, tí wọ́n fẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀bùn, orúkọ tó wà lókè ni "Alàgbà Jimoh", ọwọ́ mánéjà fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí i bẹ́ẹ̀. Ìjòyè kan ní Àgídìngbì ní kí wọ́n má mú Àfẹ̀mọ́júmọ́ wá sílé òun mọ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà títí ọdún fi parí. Lẹ́tà mọ́kànlá dé tí wọ́n ní ìwé náà ti bà jẹ́. Mẹ́rin péré ló yìn ín. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró tẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, òfin náà sì dúró.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, ó pe Olúwayẹ́misí, ó ti Ìwé Òfin sí i lọ́wọ́. "Ó ku mẹ́tàlélógójì," ó ní. "Ayé ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Suara fẹ́ kí wọ́n máa kọ "fàtórì" dípò "ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ", ó ní ohun tí gbogbo Ìkẹjà ń sọ nìyẹn, pé kò sí ẹni tí ń jí láàárọ̀ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Olúwayẹ́misí ní òun fẹ́ gbọ́ ọ fúnra òun. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mẹ́ta nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, ó bi èèyàn mẹ́rìndínlógójì léèrè ohun tí wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wọn, "fàtórì" sì ni ọ̀pọ̀ wọn pè é. Nígbà tó padà, ó kọ "fàtórì" sílẹ̀ ní ọwọ́ tó hàn ketekete, ó sì gbé ìwé náà fún Suara kí ó máa tò ó.